Lẹ́tà sí Bùrọ̀dá Wálé lórí òṣìṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ First Nation dá dúró

Winnipeg, Manitoba

Bùrọ̀dá Wálé,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ kóòtù. Mo kí Màmá àti àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀rẹ́ yín tí ìgbìmọ̀ ìlú kan láàárín àwọn First Nations, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Canada níbí, ní kó máa lọ ilé kò ṣeé parí lórí fóònù. Lọ́yà lẹ̀yin náà, nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè là á yé e.

Ẹ bi mí pé òfin ta ló kàn án. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń ṣòfin lórí iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Níbí, ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n abala 91(24) nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1867 fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ilẹ̀ wọn sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ lọ́yà ti ń ṣìnà: wọ́n á rí i pé orí ilẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ni iṣẹ́ wà, wọ́n á sáré gbá Canada Labour Code, òfin iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, mú. Lọ́dún 1980, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbọ́ ẹjọ́ Four B, iléeṣẹ́ tó ń rán awọ bàtà lórí ilẹ̀ Mohawk ní Tyendinaga, ní Ontario. Ọmọ ìbílẹ̀ ló ni ín, àwọn náà ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ òfin Ontario ló dè é, torí bàtà ni bàtà ń jẹ́, ẹni yòówù kó rán an. Ẹjọ́ NIL/TU,O, àjọ tó ń tọ́jú ọmọdé ìbílẹ̀, ti ọdún 2010 tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀: irú iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe lójoojúmọ́ ni kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Ti ọmọ yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú ló ti ń ṣe ìṣirò owó, iṣẹ́ ìṣàkóso ìlú gan-an nìyẹn, òfin àpapọ̀ ló sì dè é. Ká ní ilé epo ìlú náà ló ti ń ṣiṣẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òfin ìpínlẹ̀.

Mo ti ka lẹ́tà tí wọ́n fún un. Ìlà mẹ́ta péré: ìgbìmọ̀ tuntun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò nílò rẹ̀ mọ́, owó ọ̀sẹ̀ méjì wà nínú àpòòwé. Irú lẹ́tà yìí máa ń jáde lẹ́yìn ìbò, ìlú tó bá sì ń tẹ̀lé ètò ìdìbò Indian Act, òfin àpapọ̀ lórí àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń dìbò. Wọ́n rò pé owó nótíìsì ti pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé. Kò pa á dé. Abala 240 nínú Canada Labour Code sọ pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́ dúró, tí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò sì dè é, lè fẹ̀sùn ìdádúró àìtọ́ kàn wọ́n. Lọ́dún 2016, nínú ẹjọ́ Wilson, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé owó nìkan kò tó, ìdí gidi gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n lè dá òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tó pàdánù.

Wọ́n á sọ pé máníjà ni, torí abala yẹn kò gba máníjà. Orúkọ ipò kọ́ ni wọ́n ń wò, agbára láti dá ìpinnu ṣe ni. Bó bá jẹ́ pé kò lè fọwọ́ sí sọ̀wédowó kan àfi kí ìgbìmọ̀ buwọ́ lù ú, kó kó àwọn ìwé yẹn jọ. Wọ́n tún lè ní owó ló tán. Ìyẹn jẹ́ àwáwí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bó bá jẹ́ òótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti fi ẹlòmíràn sórí àga rẹ̀, ó ti wó.

Ọjọ́ 90 péré ló ní láti ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró. Labour Program ìjọba àpapọ̀ ni kó kọ ẹ̀sùn sí, kì í ṣe ọ́fíìsì Manitoba. Lóòótọ́, wọ́n lè fi àkókò kún un fún ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí kò láṣẹ, ṣùgbọ́n kó má gbẹ́kẹ̀ lé e. Kó tún kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lónìí, kó béèrè ìdí. Láàárín ọjọ́ 15 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì lórí ìwé. Bí wọn ò bá rí ọ̀rọ̀ náà parí, Canada Industrial Relations Board, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ló máa gbọ́ ọ.

Ó máa ń dùn mí, torí owó tí ìlú bá san lórí irú ẹjọ́ báyìí, owó àtúnṣe ilé àti iléèwé ni. Ìgbìmọ̀ tó bá ní ìlànà lórí ìwé, tí ìbátan òṣìṣẹ́ sì ń jáde nínú ìpàdé kí wọ́n tó dìbò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sábà bọ́ sí i. Àmọ́ ìwé ìlànà iléeṣẹ́ ìgboro ni ọ̀pọ̀ ń dà kọ, èyí tí kò mẹ́nu kan ìsinmi ọjọ́ márùn-ún lọ́dún tí abala 206.8 fún ọmọ ìbílẹ̀ tó ti lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, láti fi ṣọdẹ, pẹja tàbí kórè.

Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ òun, kó sì fi fọ́tò àpòòwé náà ránṣẹ́ sí mi, kí òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ hàn ketekete.

Àbúrò yín,
Bọ́sẹ̀