Àbẹ̀kẹ́, kí o tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kú oríire o. Kí o tó máa di ẹrù, wá Ìlànà Ọlọ́pàá ti ọdún 1968, kí o kà á láti abala 118 lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ obìnrin sí.

Abala 122 gbà kí wọ́n fi ọlọ́pàábìnrin sídìí iṣẹ́ akọ̀wé, tẹlifóònù àti ọ́dálì (ìránṣẹ́) ọ́fíìsì, kí ọwọ́ ọkùnrin lè dilẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Abala 123 ní kí wọ́n má pè é sí parédì oníbọn tàbí ìdánrawò rògbòdìyàn. Ti 124, bó bá fẹ́ lọ́kọ, kó kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, kó dárúkọ ọkùnrin náà, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀, ọlọ́pàábìnrin náà fúnra rẹ̀ sì ti gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Abala 127 ní tirẹ̀ ń lé ẹni tó lóyún láìlọ́kọ. Bí ọlọ́pàá ló fún un lóyún ńkọ́? Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa tiẹ̀ síbẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó ti wọ́gi lé 124 ní 2012. Ní 2021, wọ́n fi 127 lé ọlọ́pàábìnrin kan l'Ékìtì, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́ sì dá a láre nígbà tó yá. Má tìtorí ìyẹn sùn lọ. Òótọ́ ni pé abala 42 ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí a má fi akọ tàbí abo ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí kẹta rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún òfin tó bá ń dín ẹni tí wọ́n lè gbà sí iṣẹ́ ológun àti ọlọ́pàá kù. Ihò yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ gbè sẹ́yìn irú ìlànà bẹ́ẹ̀ máa ń wò.

Èyí tó máa kàn ọ́ jù kì í ṣe ti ilé-ẹjọ́ rárá. Àánú ni. Ọ̀gá á ní, "Ọmọ mi, òòrùn ti pọ̀ jù níta, jókòó ní kánta." Wàá dúpẹ́. Ọdún mẹ́rin á kọjá, ìgbéga á dé, wọ́n á bi ọ́ léèrè ìwádìí tí o ti ṣe àti kọ́ọ̀sì tí o lọ, kò sì ní sí nǹkan kan nínú fáìlì rẹ. Àwọn tí ẹ jọ wọlé á ti máa pàṣẹ fún ọ. Nítorí náà, bó bá ti pé oṣù mẹ́fà tí o ti wà ní kánta, kọ̀wé béèrè fún ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn. Ojú ìwé kan ti tó, kó gba ọwọ́ DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá yín, kọjá. Tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ìkejì, kí o mú un dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò ní sí nínú fáìlì.

Nínú parédì, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ íńṣì 30. Bí o ṣe kúrú yẹn, bí o bá ń na ẹsẹ̀ láti bá ọkùnrin gíga dọ́gba, egungun ìbàdí ló ń jìyà. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé iṣẹ́ ológun òfuurufú Bìrìtìkó, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún àwọn obìnrin mẹ́ta ní 2013. Ní kí wọ́n fi ẹni kúkúrú síwájú. Bí ìrora bá wà ní ìbàdí tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi, lọ sí kílíníìkì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, má fi àgbo bò ó.

Aṣọ agbéta náà, èyí tí ọta ìbọn kì í wọ̀: wọ̀ ọ́, kí o jókòó, kí o gbé apá bí ẹni ń yìnbọn. Bó bá sún kan ọ̀fun, ó gùn jù; bí ọmú bá tì í síwájú tí ẹ̀gbẹ́ là sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọta á gbà wọlé. Pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀gá kan bá béèrè ohun tí kò yẹ, kọ ọjọ́, aago, ibi àti àwọn ọ̀rọ̀ tó lò gan-an sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, má tọ́jú rẹ̀ sí bárékè. Bí wọ́n bá fún ọ ní kúẹ́rì, ìwé tí wọ́n fi ń ní kí o wá ṣàlàyé ẹ̀sùn, fèsì kí àsìkò tó wà lórí rẹ̀ tó pé. Bí wọ́n bá sì lé ọ, wá agbẹjọ́rò lọ́sẹ̀ náà gan-an: wọ́n lè ní oṣù mẹ́ta ti kọjá, kí wọ́n fi ìyẹn gbìyànjú láti dí ẹjọ́ rẹ lọ́nà.

Ṣe ẹ̀dà ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ, kí o fi ọ̀kan sínú àpótí mi kí o tó lọ.

Màmá rẹ