Kì í ṣe gbogbo aṣọ aláró ni kámpálà

Sí Olóòtú,

Tọwọ́tọwọ́ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti Òṣogbo, ìlú aró, nítorí àṣìṣe kan tí mo ń rí lemọ́lemọ́ nínú ìròyìn ayẹyẹ: gbogbo aṣọ tí a bá ti pa láró ni àwọn oníròyìn ń pè ní kámpálà. Orúkọ olú ìlú Ùgáńdà nìyẹn, àdìrẹ sì ti wà tipẹ́ kí orúkọ náà tó dé ọjà wa.

Ọ̀rọ̀ náà, àdìrẹ, fúnra rẹ̀ ń sọ bí a ṣe ṣe aṣọ náà: a dì í, a sì rẹ ẹ́ sínú aró tí a fi ewé èlú ṣe. Èyí tí a fi ìko dì ni oníko. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀ kí a tó rẹ ẹ́ ni alábẹ́rẹ́. Èyí tí a sì fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára, kí aró má baà wọ ibẹ̀, ni ẹlẹ́kọ. Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró rí (kì í tètè kúrò léèékánná) kò lè ṣì wọ́n pè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òkè. Ẹ kọ sányán, àlàárì tàbí ẹtù, bí ẹ bá mọ èyí tí onínàáwó wọ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ aláṣọ kí ẹ tó tẹ ìwé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Òṣogbo