Bí àwọn ọmọ ogun Kánádà ṣe gba òkè Vimy

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Ìgboyà nìkan kọ́ ni àwọn ọmọ ogun Kánádà fi gba òkè Vimy nílẹ̀ Faransé nínú oṣù Kẹrin 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, ìbọn àgbá tiwọn ń rọ ọta síwájú wọn, ibi tí ọta náà ń bọ́ sí sì ń sún síwájú ní 100 yáàdì ní gbogbo ìṣẹ́jú 3. Ẹni tó bá yára jù, ọta tiwọn ni yóò pa á. Ẹni tó bá lọ́ra, àwọn Jámánì tó ń ṣọ́ òkè náà á ti jáde nínú ihò, wọ́n á ti dé ìdí ìbọn arọ̀jò-ọta. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi dánra wò lórí pápá tí wọ́n fi téèpù sàmì sí, tí wọ́n sì pín àwòrán ilẹ̀ dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun lásán. Àṣeyọrí ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ 3,598 nínú wọn ló kú.