Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Èkìtì Tí Ọkàn Yín Ti Ṣáko Lọ

Ẹ̀yin ọmọ wa l'Ádó, n'Íkẹ̀rẹ́, l'Ọ́yẹ́, àti níbi gbogbo tí ọmọ Èkìtì Kete wà,

Ẹni tó ṣáko kì í sábà mọ ọjọ́ tó kúrò lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ilé ọtí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àdúrà òwúrọ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, Bíbélì á wá di ohun tí à ń ṣí lórí fóònù kìkì ìgbà tí pásítọ̀ bá ní ká ṣí i. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú á dé, òun ló sì ń lé èèyàn jìnnà jù.

Ẹ fara balẹ̀ ka Lúùkù orí 15. Obìnrin yẹn ní owó fàdákà mẹ́wàá, ọ̀kan sọnù, inú ilé ló sì sọnù sí. Nítorí náà, ẹni tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin lè ti sọnù síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Ẹ tún wo ọmọ onínàákúnàá: ní ẹsẹ 19, ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ, pé kí baba fi òun ṣe alágbàṣe. Nígbà tó délé, ní ẹsẹ 21, kò sọ ọ̀rọ̀ alágbàṣe yẹn mọ́. Baba ti ń pè fún aṣọ, òrùka àti bàtà. Ẹ má dúró títí ẹ ó fi rí ẹjọ́ tó dùn rò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú padà nìyí: wọ́n á fi ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sáré gun òkè àdúrà. Àwa náà mọyì òkè àdúrà. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbí ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, gbajúmọ̀ aládùúrà ìjọ CAC, sí ní 1959. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lè gbàdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún, ààwẹ̀ náà á já mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, á sì gbà pé Ọlọ́run ti kọ òun.

Sáàmù 51 ni kí ẹ kà lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, lórí ìkúnlẹ̀, kí ẹ kà á sókè. Ẹ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà bó ṣe jẹ́ gan-an. "Dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí" nìkan máa ń jẹ́ ká rọra fi èyí tó ń dùn mọ́ wa pamọ́. Ẹ di 1 Jòhánù 1:9 mú. Láràárọ̀, kí ẹ tó tan dátà, ẹ ka orí kan nínú Máàkù. Gbogbo ìwé náà kò ju orí mẹ́rìndínlógún lọ.

Ohun tí ẹ bá gbà lọ́nà èrú, ẹ dá a padà, bí Sákéù agbowó òde inú Bíbélì ti ṣe. Owó Yahoo kì í di mímọ́ nítorí pé ẹ san ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó ni ín ni kí ẹ wá. Bí owó ò bá pé, ẹ jọ fẹnu kò sí iye tí ẹ ó máa san lóṣù.

Ẹ wá àgbà kan tí kì í tú àṣírí, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, kó máa bi yín léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun tó gbàdúrà fún yín, ẹ kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì tún ṣubú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà. Ẹ má dúró de ìsọjí ìparí ọdún.

Àwa ni,
Àwọn àgbà yín