Ọmọ mi, dákun má na Bingo mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ vóìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì gbọ́ ọ lóhùn ẹ bí inú ṣe ń bí ẹ tó. Bingo ajá ẹ ti jẹ bàtà ọ́fíìsì tó o rà ní Balogun, wáyà ṣájà, etí pílò, ó wá tún kan ẹsẹ̀ tébù. Ó tó nǹkan tó ń bí èèyàn nínú, pàápàá lásìkò tówó ò sí níta yìí. Ṣùgbọ́n o ní o ti fi ìgbálẹ̀ nà án, o tún ní tí kò bá jáwọ́ kọ́sẹ̀ yìí tó parí wàá fà á lé mégádì lọ́wọ́ kó máa mú un lọ. Jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí tán ná. Ajá yẹn ò burú, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fi nǹkan ẹ ṣòfò.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ṣì ni. Eyín ló ń pààrọ̀. Ọmọ ajá máa ń ní eyín 28 nígbà tó bá kéré, bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, eyín àgbà á wá máa yọ dípò ẹ̀ títí tó fi máa pé 42, ìyẹn á tó bí oṣù mẹ́fà sí méje. Ní gbogbo àsìkò yẹn èrìgì ẹ̀ á máa yún un, á máa dùn ún, ohun tó bá ṣáà ti rí nílẹ̀ ló máa fẹ́ fi eyín rún kára lè tù ú. Ìwọ náà nígbà tó ò ń yọ eyín, etí ìró mi lò ń jẹ, kò sí ìró kan tétí ẹ̀ gbẹ nígbà yẹn. Tó o bá ń gbálẹ̀ tó o rí eyín kékeré funfun kan lórí kápẹ́ẹ̀tì, tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára nǹkan tó ń jẹ, má jáyà, eyín ló ń yọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Wò ó, àárọ̀ ló jẹ bàtà yẹn, aago mẹ́jọ alẹ́ lo wọlé. Òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ bàtà tipẹ́, ìwọ tó ti ń retí látàárọ̀ ló rí, ó sáré wá pàdé ẹ ó ń ju ìrù, o wá fi ìgbálẹ̀ lù ú. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ kò ju pé tó o bá ti ṣílẹ̀kùn, wàhálà dé. O ní ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi torí ó ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká etí sẹ́yìn, kò lè wò ẹ́ lójú. Ẹ̀rù ló ń bà á o. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Alexandra Horowitz, tó ń ṣèwádìí ìwà ajá, ó gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2009. Ó ní káwọn tó ni ajá sọ fún ajá wọn pé kó má jẹ oúnjẹ kan, kí wọ́n sì jáde nínú yàrá, tí wọ́n bá padà wọlé obìnrin yìí á sọ fún wọn bóyá ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́, ìgbà míì sì rèé, irọ́ ló pa fún wọn. Ajá tí wọ́n bá ti bá wí ló ń ṣe ojú jẹ̀bi-jẹ̀bi yẹn, ì báà jẹ oúnjẹ ọ̀hún, ì báà má jẹ ẹ́, kódà èyí tí kò jẹ nǹkan kan tí wọ́n wá bá wí lásán ló ṣe é jù. Torí náà ìgbálẹ̀ ò lè kọ́ Bingo ní nǹkan kan àfi kó máa sá fún ẹ.

Nǹkan míì, sílípáàsì bálùwẹ̀ àtijọ́ tó o fún un pé kó máa fi ṣeré, gbà á lónìí. Ajá ò mọ bàtà àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun, òórùn ẹsẹ̀ ẹ ló wà nínú méjèèjì. Tó o bá gbà á láyè láti jẹ ọ̀kan, o ti gbà á láyè láti jẹ gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ilé ẹ ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Mo mọ̀ pé self-contain ò láàyè, gbogbo nǹkan ló wà nílẹ̀, àmọ́ bàtà gbọ́dọ̀ wọnú kọ́bọ́ọ̀dù kó o sì tì í, ìbọ̀sẹ̀ àti páńtì kó má ṣe wà nílẹ̀ rárá, torí tó bá gbé ìbọ̀sẹ̀ mì ó lè dí i nífun, iṣẹ́ abẹ ló sì máa já sí. Wáyà ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀. O mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Akoka. NEPA á mú iná lọ, Bingo á fi wáyà ẹ̀kstẹ́ńṣọ̀n sẹ́nu, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, á rò pé nǹkan ìṣeré ni, àwọn yẹn á kàn ṣàdédé dá iná padà, iná á sì gbé e síbẹ̀. Yọ gbogbo ẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó o tó jáde, kó o sì so ó sókè. Káńfọ̀ tó o fi sáàárín aṣọ àti òògùn eku, májèlé ni méjèèjì fún ajá, kó wọn jáde nílé pátápátá. Eegun adìẹ tó ti jinná náà, má fún un, ó máa ń fọ́ ṣóṣóró ni, ó lè gún un nínú.

Wá fún un ní nǹkan tó jẹ́ tiẹ̀. Rọ́bà líle tó tóbi ju èyí tó lè gbé mì lọ dáa, kárọ́ọ̀tì tó ti dì nínú fíríìsà náà dáa gan-an, òtútù ẹ̀ máa ń jẹ́ kí èrìgì fúyẹ́, àmọ́ jókòó tì í tó bá ń jẹ ẹ́. Tíná ò bá sí, bẹ ìyá tó ń ta píọ́ wọ́tà níwájú ilé yín kó bá ẹ ju méjì sínú fíríìsà tiẹ̀, kò ní kọ̀.

Tó bá wá fi nǹkan ẹ sẹ́nu tójú ẹ sì wà níbẹ̀, má lé e. Tó o bá ń lé e yíká bẹ́ẹ̀dì, eré lò ń bá a ṣe yẹn, ọ̀la á tún mú bàtà kó o lè wá lé e. Má fà á lẹ́nu ẹ̀ náà. Bọ pọ̀nmọ́ láìsí ata láìsí iyọ̀, gé e wẹ́wẹ́, tọ́jú ẹ̀ síbi tọ́wọ́ ẹ á ti tó o. Tó bá ti mú nǹkan, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, gbé pọ̀nmọ́ kan sún mọ́ imú ẹ̀, sọ pé "fi sílẹ̀" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó o sì dúró. Imú ẹ̀ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, á máa wo ọwọ́ ẹ, ẹnu ẹ̀ á là. Bó ṣe ń já nǹkan yẹn sílẹ̀ báyìí ni kó o ti fún un ní pọ̀nmọ́, kó o yìn ín dáadáa pẹ̀lú ohùn ayọ̀, kó o wá gbé rọ́bà tiẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kó o máa lò o, kì í ṣe "fi sílẹ̀" lónìí, "leave it" lọ́la, "Bingo mi ò fẹ́ wàhálà" lọ́túnla, kò ní mọ èyí tó máa gbọ́. Àlejò tó bá wá sílé náà, sọ fún wọn kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní kó o fi ata pa ẹsẹ̀ tébù, má dá a lóhùn jàre, á wọ̀ ọ́ lójú, á wọ̀ ọ́ nímú, ìyà lásán ni.

Mo fẹ́ sọ èyí tó le díẹ̀ fún ẹ. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí lo ti ń jáde kó o lè tètè gun Third Mainland, alẹ́ patapata lò ń padà dé. Òun nìkan ló wà nínú yàrá kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí lo fẹ́ kó máa fọjọ́ yẹn ṣe? Ọmọ ajá bíi tiẹ̀ ò tiẹ̀ lè dá ìtọ̀ dúró ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ. Bá ọmọ ìyá ìsàlẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀, èyí tó ń dúró de JAMB, fún un ní nǹkan díẹ̀ kó máa wá mú un jáde lọ́sàn-án kó sì bá a ṣeré. Ìwọ náà tètè jí díẹ̀ sí i, mú un rìn kó tó jẹun, ajá tó bá ti rẹ̀ á sùn, kò ní ráyè tébù. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti pé kó o tó gbé e sílẹ̀ ládùúgbò, pàápàá ti dìgbòlugi, torí ajá tó ń fi eyín ṣeré lè họ ọmọ ọlọ́mọ lára. Má sì so ó mọ́ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ bí àwọn ará ilé yẹn ṣe ń ṣe tiwọn, gbígbó ni tiwọn fi ń gbó tọ̀sán-tòru.

Kò ní dáwọ́ ẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan. Á tún jẹ nǹkan míì, mo sọ fún ẹ báyìí. Tó bá jẹ ẹ́ nígbà tó ò sí nílé, ṣa ilẹ̀, má sọ̀rọ̀, wá wo bí nǹkan yẹn ṣe délẹ̀.

Àbúrò ẹ ń bọ̀ láti Surulere lọ́jọ́ Sátidé, mo máa fi bọ́ọ̀lù rọ́bà àti kárọ́ọ̀tì rán an sí ẹ. Wáyà tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì yẹn ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà yẹn o. Kó o lálẹ́ òní, kó o sì pè mí tó o bá kó o tán.

Màmá ẹ