Ohun tó wà nínú omi Kainji ńkọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná wà níkàáwọ́ wọn tún sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ka iye mẹ́gáwáàtì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára iná, ó sọ bí omi adágún Kainji, èyí tí ìdídò tí wọ́n fi ń pèsè iná dá dúró lórí odò Ọya, ṣe ga tó, ó sì kí wa pé ó dàbọ̀. Ohun tó wà nínú omi náà ńkọ́? Kò sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò sọ ọ́.

Oríṣi omi méjì ni odò Ọya ń gbé wọ adágún yìí. Omi dúdú ń ti Guinea àti Mali bọ̀, ó sì ti da púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà kí ó tó dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi funfun, tó ń dé lásìkò òjò láti odò Sókótó àti àwọn odò ìtòsí, ni ó ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Ibi tí omi bá ti dẹ̀rìn ni ẹrẹ̀ ti ń rọ̀ sílẹ̀, ààyè tí ó sì gbà nísàlẹ̀ adágún, omi kò ní rí i gbà mọ́. Láti ọdún 1968 tí wọ́n ti parí ìdídò náà ni ẹrẹ̀ ti ń kó jọ síbẹ̀, síbẹ̀ 760 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n ṣì ń fi yangàn fún wa.

Ẹrẹ̀ nìkan kọ́ o. Ẹ rántí òjé tó pa ju 400 ọmọdé lọ ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú. Àwọn odò Zamfara ń ṣàn lọ sínú odò Sókótó, odò Sókótó ń ṣàn sínú odò Ọya, Ọya sì ń wọ Kainji, níbi tí àwọn apẹja ti ń rí ohun tí wọ́n ń jẹ. Mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà fi ń mú wúrà lè wọ inú ẹja, kí ó sì ti ibẹ̀ wọ inú ẹni tó jẹ ẹ́. Ajílẹ̀ tí òjò ń fọ̀ kúrò lóko sì ń bọ́ èpò orí omi. Àwọn ọ̀gá wa ń wọn gíga omi, wọn kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ṣòro. Kí wọ́n máa bu omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lásìkò òjò ní Yelwa, níbi tí Ọya ti ń wọ adágún, àti ní ẹnu odò Malendo tí òun náà ń wọ adágún. Kí wọ́n yẹ ẹrẹ̀, òjé, mẹ́kúrì àti afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi wò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja omi aláìníyọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Bussa, ẹ̀gbẹ́ adágún gan-an, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí onímọ̀. Kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri ní gbogbo èbúté, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò ní èdè Haúsá àti ní èdè àwọn ará etí omi, kí apẹja lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà tí ọ̀gá mọ̀ ọ́n. Bí èsì kan bá burú, kí wọ́n tọ odò náà lọ sókè títí wọn yóò fi rí ibi tí ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́.

Kí wọ́n gbin igi sí etí odò pẹ̀lú. Ní ti àwọn awakùsà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ibi tí wọn yóò ti máa fọ wúrà hàn wọ́n, kí ó jìnnà sí omi tó ń ṣàn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín