Àdùkẹ́, Jẹ́ Kí Màlúù Rẹ Rọra Rìn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka ìtàn kọ́bọ̀ì, àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin Amẹ́ríkà, tí o fi ránṣẹ́ tán. Èdè rẹ dùn-ún kà, mo sì ti fi ẹnu kan gbé ọ ga lọ́jà. Ṣùgbọ́n alápatà ni bàbá rẹ, ojú màlúù ni mo fi kà á.

O ní wọ́n lé màlúù sáré tagbáratagbára láti Texas dé Abilene ní Kansas. Ta ló fẹ́ ra egungun lọ́wọ́ wọn níbẹ̀? Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, màlúù pọ̀ ní Texas débi pé ọ̀kan lè má ju dọ́là 4 lọ, nígbà tó lè pa dọ́là 40 lápá àríwá. Èrè yẹn ló gbé wọn lọ́nà. Ọjà Abilene ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní 1867, àwọn tó ń da ẹran lọ síbẹ̀ kì í sì í ju máìlì 10 sí 15 rìn lóòjọ́, kí màlúù lè máa jẹko lọ, kí ara rẹ̀ má baà joro.

Bí o bá fẹ́ kí wọ́n sáré, jẹ́ kí àrá sán lóru. Gbogbo agbo á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹlẹ́ṣin á máa bá wọn sá nínú òkùnkùn, wọn ò ní rí ihò tí ẹsẹ̀ ẹṣin fẹ́ kó sí. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìbọn tí o kó sínú ìtàn yìí lọ. Ọmọkùnrin rẹ tó yìnbọn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo nítorí pé inú rẹ̀ dùn ńkọ́? Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á lé e lọ kílẹ̀ tó mọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ olùsè nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ló ṣe iṣẹ́ kọ́bọ̀ì. Wọ́n bí Nat Love sínú oko ẹrú ní Tennessee ní 1854, ó di kọ́bọ̀ì, ó sì tẹ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1907. Kà á, ṣùgbọ́n ṣọ́ra, baba náà fẹ́ràn àtiyin ara rẹ̀.

Ní ti títẹ̀ ẹ́ jáde, má tíì gbé e sórí Facebook. Ọ̀pọ̀ olóòtú ló kà á sí pé ìtàn bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ka òfin ìwé ìròyìn tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, pàápàá bóyá wọ́n gbà kí o fi ránṣẹ́ síbòmíì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí òun tó tẹ̀ ẹ́, ìwọ gan-an ni ọjà rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, kí o tó tọwọ́ bọ̀wé, wo ohun tí wọ́n ń rà. Ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní tó wọn. Ẹ̀tọ́ fíìmù àti ti ìwé, tìrẹ ni. Ẹni tó ra itan kò ra odindi màlúù. Fi àdéhùn náà han ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣebí lọ́yà ni.

Tún apá àtisọdá odò Red River kọ ná, o yára jù níbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí o pe òun lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ